Bí A Ṣe Tún Ẹ̀rọ Lathe Àtijọ́ Ṣe

Mo fẹ́ ṣàlàyé bí èèyàn ṣe lè tún ẹ̀rọ lathe tó ti gbó ṣe. Lathe ni ẹ̀rọ tó máa ń yí irin, tí ọ̀bẹ kan tó le gan-an á sì máa gé irin náà bó ṣe ń yí. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń bó ọsàn: ọsàn ń yí, ọ̀bẹ ń bó o lọ.

Myford ML7 ni orúkọ tiwa. Ìlú Beeston, lẹ́bàá Nottingham, ni wọ́n ti ń ṣe é nígbà náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Irin tó fẹ̀ tó ínṣì 7 lè yí lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní England ti fi ṣe rélùwéè kéékèèké nílé wọn.

Dádì mi rà á lọ́wọ́ bàbá àgbàlagbà kan tí kò lè dúró pẹ́ mọ́. Ìdí tí a fi rà á ni pé òrùka idẹ kékeré kan ti jẹ nínú ẹ̀rọ ìránṣọ Màmá àgbà, a ò sì rí irú ẹ̀ rà mọ́. Àmọ́ lathe náà ò ṣiṣẹ́ dáadáa. Irin tó bá gé, apá kan á sanra ju apá kejì lọ. Mọ́mì sì ti sọ pé bí ò bá ṣeé lò kó tó di ìgbà òtútù, ó máa kúrò ní gáréèjì!

Dádì mi ní a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ìyẹn ni pé ká wá ibi tí àìsàn wà gan-an ká tó náwó. Ọ̀nà mẹ́rin tí a gbà nìyí.

Èkíní ni ààbò. Switch tó bá ẹ̀rọ náà wá dà bí èyí tí a fi ń tan gílóòbù. Bí iná bá lọ tó tún dé, ẹ̀rọ á dédé máa yí, bóyá ọwọ́ ẹnì kan ti wà níbẹ̀. Èyí tuntun tí oníṣẹ́ iná bá wa so kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí iná bá lọ, ó kú nìyẹn, àfi kí èèyàn tún tẹ bọ́tìnì rẹ̀. Mo tún ní òfin tèmi: mo máa ń wọ awò ojú, mi ò wọ ìbọ̀wọ́ nítorí ẹ̀rọ lè fà á mọ́ ọwọ́, mi ò sì gbọ́dọ̀ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ sínú chuck, ìyẹn ẹnu tó di irin mú.

Èkejì ni ìmọ́tótó. Epo àtijọ́ àti èérún irin ti dì pọ̀. Kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì la fi fọ̀ ọ́. A ò lo pépà oníyanrìn, torí yanrìn tó bá ṣẹ́kù á máa jẹ irin. Lẹ́yìn náà la wá bu epo tuntun sí i.

Ẹ̀kẹta ni wíwá ibi tó ń mì. A lo ohun ìwọ̀n kan tó dà bí aago, tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń sún bí irin bá mì díẹ̀. Bí bearing bá ti jẹ jù, àwọn irin tínrín bí ewé wà níbẹ̀ tí a lè yọ kí àlàfo lè dín kù. Tiwa ò mì ju 0.001 ínṣì lọ. Irun orí èèyàn nípọn ju ìyẹn lọ dáadáa, torí náà a ò fọwọ́ kàn án. Àmọ́ ibi tí ọ̀bẹ jókòó sí ń jó. A di àwọn súkúrù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí kò fi jó mọ́, tó sì ṣì ń sún geere. Síbẹ̀, irin ṣì ń sanra lápá kan.

Ẹ̀kẹrin ló wá já a. A fi chuck di ọ̀pá irin kan mú, a ò fi nǹkan kan ti orí rẹ̀ kejì. A gé ibi méjì lára rẹ̀ láì yí ibi tí ọ̀bẹ wà padà, a sì wọn méjèèjì. Èyí tó jìnnà sí chuck fi 0.004 ínṣì sanra ju èkejì lọ. Ṣé ẹ rí i, tábìlì igi tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ ti wọ́! Bí a ṣe de ẹ̀rọ mọ́ ọn, tábìlì ń lọ́ irin tó gùn yẹn bí ìgbà tí èèyàn ń fún aṣọ. A tú bóòtù, a gé irin tínrín lára agolo ohun mímu, a kì í bọ abẹ́ iwájú ẹsẹ̀ ọ̀tún, a dè é, a tún gé ọ̀pá, a tún wọ̀n ọ́n. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún la ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó bára mu.

Agolo tí à bá jù nù ló wo ẹ̀rọ sàn o! Ká ní a ti sáré ra bearing tuntun ni, owó á lọ, àìsàn á ṣì wà níbẹ̀.

Dádì ló gé òrùka idẹ náà, èmi ni mo ń wọ̀n ọ́n. Ó wọlé ṣinṣin, Màmá àgbà sì ti fi ẹ̀rọ wọn rán bùbá méjì.

Bí ẹ̀yin náà bá ní ohun àtijọ́ nílé, bóyá kẹ̀kẹ́ ni o, bóyá aago ni, ẹ nù ún, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ wá ìdí rẹ̀, kí ẹ tó rà. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ rí i pé àgbàlagbà kan wà lọ́dọ̀ yín, kí ẹ sì yọ wáyà kúrò lára iná kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun o.