Lílo Eré Ọmọdé Yorùbá fún Kíkọ́ Ẹ̀kọ́ Ìdárayá ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

Àṣamọ̀

Eré ìbílẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ Yorùbá, ó sì rọrùn fún olùkọ́ láti lò wọ́n ní àkókò ẹ̀kọ́ ìdárayá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà tí ọmọ bá ṣeré ni ó kẹ́kọ̀ọ́. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí olùkọ́ ṣe lè yan eré ní ìbámu pẹ̀lú èròǹgbà ìdánilẹ́kọ̀ọ́, bí ó ṣe lè tún òfin eré tò kí gbogbo ọmọ lè kópa, àti bí ó ṣe lè ṣe ìgbéléwọ̀n. Eré mẹ́rin ni àlàyé náà dá lé: ẹkùn mẹ́ran, sùwé, tẹn-tẹn àti okùn fífà. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ìwọ̀n tí ọmọ tí ó rẹ̀yìn jù lọ nínú kíláàsì fi lo ara rẹ̀ ni ó yẹ kí olùkọ́ fi díwọ̀n ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà.

Ìfáárà

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí ọmọ Yorùbá tó dé ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ti mọ eré tí a ń sá kiri ṣe, èyí tí a ń fò ṣe àti èyí tí a ń fi orin gbè. Ìmọ̀ tí ó ti wà nílẹ̀ ni èyí, olùkọ́ kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Pàtàkì ẹ̀kọ́ ìdárayá kò fara sin. Ní ọdún 1978, àjọ UNESCO gbé ìwé àdéhùn kan jáde tí ó fi ẹ̀kọ́ ìdárayá hàn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́ gbogbo ènìyàn. Wọ́n sì ṣe àtúnṣe sí ìwé náà ní ọdún 2015. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2020, wọ́n dábàá pé kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa lo ara rẹ̀ dáadáa fún ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́, ní ìpíndọ́gba. Ní Nàìjíríà, àtúnṣe tí ó bá kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní ọdún 2012 fi ẹ̀kọ́ ìdárayá àti ìlera sí abẹ́ àkójọ kan náà pẹ̀lú sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ibi tí iṣẹ́ bá ti pọ̀ báyìí, tí bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo sì ń bẹ fún odidi kíláàsì, kò ṣòro kí àkókò ìdárayá di àkókò tí àwọn ọmọ kàn ń jáde lọ fẹ́ atẹ́gùn sára.

Òye Eré Ṣáájú Ìmọ̀-ọ́n-ṣe

Ní ọdún 1982, David Bunker àti Rod Thorpe ti Yunifásítì Loughborough ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ọ̀nà ìkọ́ni kan kalẹ̀ tí ó fi òye eré ṣe ìpìlẹ̀. Wọ́n ṣàkíyèsí pé akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ́ bí a ṣe ń ju bọ́ọ̀lù tàbí bí a ṣe ń gbá a, síbẹ̀ kí ó má mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun lò ó nígbà tí eré bá ń lọ. Nítorí náà, wọ́n dábàá pé kí eré tí a ti mú rọrùn ṣáájú, kí ìmọ̀-ọ́n-ṣe sì tẹ̀ lé e nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti rí ìdí tí ó fi nílò rẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ girama ni wọ́n ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n èrò náà kò ṣàjèjì sí bí ọmọ Yorùbá ṣe ń kọ́ eré. Ọmọ tí ó ń ṣe ẹkùn mẹ́ran kì í kọ́kọ́ tò sórí ìlà láti kọ́ bí a ṣe ń yà bàrá. Nígbà tí ẹkùn bá ń lé e ni ó ń kọ́ ọ.

Yíyan Eré fún Èròǹgbà Ìdánilẹ́kọ̀ọ́

Àṣìṣe tí ó yẹ kí olùkọ́ yẹra fún ni pé kí ó kọ́kọ́ yan eré, kí ó tó wá èròǹgbà tí yóò lẹ̀ mọ́ ọn nínú àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́. Èròǹgbà ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Bí èròǹgbà bá jẹ́ pé kí àwọn ọmọ lè sáré kí wọ́n sì yí padà lójijì, ẹkùn mẹ́ran bá a mu. Nínú eré yìí, àwọn ọmọ a di ara wọn lọ́wọ́ mú yí ká gẹ́gẹ́ bí ọgbà. Ọ̀kan a jẹ́ ewúrẹ́ nínú ọgbà, ọ̀kan a jẹ́ ẹkùn lẹ́yìn ọgbà. Bí ó bá jẹ́ ìdúró déédéé lórí ẹsẹ̀ kan ni a fẹ́ kọ́ wọn, sùwé ni ó yẹ, nítorí ọmọ ní láti ju òkúta sí ojú ilà, kí ó fò lórí ẹsẹ̀ kan, kí ó sì mú òkúta rẹ̀ láìfi ẹsẹ̀ kejì kanlẹ̀. Tẹn-tẹn, tí ọmọ méjì ń kojú ara wọn, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́, tí wọ́n ń fò, tí wọ́n sì ń na ẹsẹ̀ síwájú, wúlò fún ìyára àti títẹ̀lé ìlù. Okùn fífà ń fún apá, ẹ̀yìn àti itan lágbára, ó sì ń kọ́ni ní àjọṣe: àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Títún Òfin Eré Tò

Ibí ni iṣẹ́ olùkọ́ ti yàtọ̀ sí ti ọmọdé tí ó ń ṣeré fún ìgbádùn ara rẹ̀. Bí ọmọ 40 bá ṣe agbo kan ṣoṣo fún ẹkùn mẹ́ran, àwọn méjì péré ni yóò máa sáré. Àwọn 38 yòókù yóò dúró. Bí ẹkùn àti ewúrẹ́ kọ̀ọ̀kan bá lo ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú 20 ni yóò gbà kí gbogbo kíláàsì tó sáré lẹ́ẹ̀kan péré. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá pín wọn sí agbo 5, tí ọmọ 8 wà nínú agbo kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 4 ti tó kí gbogbo wọn fi sáré. Nínú ìṣẹ́jú 20 kan náà, ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò ti sáré ní ìgbà 5. Olùkọ́ kò ra ohunkóhun. Agbo ni ó pín.

Èyí tí ó tún ṣe pàtàkì ni òfin tí ó ń yọ ẹni tí ó bá kùnà kúrò nínú eré. Ọmọ tí kò lè sáré, tí ó sanra tàbí tí ẹsẹ̀ ń dùn, ni yóò kọ́kọ́ jókòó, bẹ́ẹ̀ sì ni òun gan-an ni ó nílò ìdárayá jù. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ohun tí ọmọ náà kọ́ ni pé eré kì í ṣe tòun. Kàkà kí ewúrẹ́ tí a mú jókòó, kí ó di ẹkùn. Kàkà kí ọmọ tí ó tẹ ilà nínú sùwé dúró títí di òpin, kí ó tún ojú ilà náà ṣe. Ìka kò dọ́gba: bí ewúrẹ́ bá jẹ́ ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò le, a lè ní kí ẹkùn máa fi ẹsẹ̀ kan fò. Ojú ilà sùwé lè fẹ̀ fún kíláàsì kìn-ín-ní, kí ó sì kéré sí i fún kíláàsì kẹrin.

Àwọn kan ka sùwé àti tẹn-tẹn sí eré ọmọbìnrin. Olùkọ́ kò gbọdọ̀ fàyè gba èyí, nítorí ọmọkùnrin pẹ̀lú nílò ìdúró déédéé àti ìyára, ọmọbìnrin sì nílò agbára tí ó wà nínú okùn fífà.

Ààbò àti Ìgbéléwọ̀n

Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ ní láti yẹ ilẹ̀ wò kí ó sì ṣa àfọ́kù ìgò àti òkúta kúrò. Nínú okùn fífà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wé okùn mọ́ ọwọ́ tàbí mọ́ ìbàdí, nítorí ó lè ṣe é léṣe bí ìhà kejì bá fà lójijì. Nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ oníṣẹ́jú 30, ìṣẹ́jú 5 yóò wà fún mímú ara gbóná, 20 fún eré, 5 fún ìsinmi àti ìbéèrè.

Ìgbéléwọ̀n kò gbọdọ̀ dá lórí ẹni tí ó borí. Ìṣe ara, òye àti ìhùwàsí ni kí olùkọ́ wò. Ǹjẹ́ ọmọ lè yí padà láìṣubú? Ǹjẹ́ ó lè sọ ìdí tí ewúrẹ́ fi gba ọ̀tún lọ? Ǹjẹ́ ó ń dúró de ìgbà tirẹ̀? Bí èdè abínibí bá jẹ́ èdè ìdáhùn, ọmọ yóò lè ṣàlàyé ohun tí ara rẹ̀ ṣe láìwá ọ̀rọ̀ tì.

Ìkádìí

Àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé eré ọmọdé Yorùbá lè gbé ẹ̀kọ́ ìdárayá ró láìsí ìnáwó ńlá, bí olùkọ́ bá fi èròǹgbà ṣáájú, tí ó pín kíláàsì sí agbo kéékèèké, tí ó sì mú òfin tí ń lé aláìlágbára jókòó kúrò. Ó yẹ kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni máa ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wọn, ní àkókò ìkọ́ni-wò, ka iye ìgbà tí ọmọ tí ó rẹ̀yìn jù lọ sáré tàbí fò nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan. Bí iye náà bá kéré, eré náà kò tíì di ẹ̀kọ́, bí ó ti wù kí ariwo ayọ̀ orí pápá pọ̀ tó.