Ẹ Ṣírò Kí Ẹ Tó Ju Káàdì Kejì

Ọ̀rọ̀ eré káàdì tí wọ́n ń pè ní bíríìjì la mú wá lóṣù yìí. Ìṣirò pọ̀ nínú rẹ̀ ju orí-ire lọ. Harold Vanderbilt, ará Amẹ́ríkà, ló tún ìṣirò máàkì rẹ̀ tò nínú ọkọ̀ ojú omi ní 1925, ìlànà rẹ̀ ló sì tàn káyé.

Ẹni mẹ́rin ló ń ta á, méjì sí méjì. Káàdì 52, mẹ́tàlá-mẹ́tàlá lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kálukú á ju ẹyọ kan, irú tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ lèèyàn sì gbọ́dọ̀ jù bó bá ní i. Èyí tó ga jù nínú irú náà ló kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: ìkó kan nìyẹn. Ọwọ́ tó kó o ló ń bẹ̀rẹ̀ èyí tó kàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ká ní ẹ ti ṣe àdéhùn láti kó mẹ́sàn-án, láìsí irú káàdì kankan tó lè gé òmíràn. Alátakò ju Ayaba Sípéédì. Ẹnì kejì yín wá tẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀yin lẹ ó máa ta ọwọ́ méjèèjì.

Lọ́wọ́ yín: Sípéédì Éèsì, Ọba, 4, Háàtì Éèsì, Ayaba, 5, 2, Dáyámọ́ǹdì 6, 3, Kílọ́ọ̀bù Éèsì, 7, 5, 4.

Nílẹ̀: Sípéédì 7, 5, Háàtì Ọba, 6, 4, Dáyámọ́ǹdì Ọba, Ayaba, Jáàkì, 10, 9, Kílọ́ọ̀bù 8, 3, 2.

Ẹ ka èyí tó dájú ná. Sípéédì méjì, Háàtì mẹ́ta, Kílọ́ọ̀bù kan: mẹ́fà. Ó ku mẹ́ta. Ibo ni yóò ti wá? Dáyámọ́ǹdì nìkan ni, Éèsì rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ alátakò.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Wọ́n á fi Éèsì kó Sípéédì, wọ́n á sáré kó Háàtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nítorí ó dùn mọ́ wọn, kí wọ́n tó rántí Dáyámọ́ǹdì. Alátakò tó gbọ́n kò ní fi Éèsì kó Ọba yín. Á ní sùúrù títí di ìkejì. Nígbà yẹn, Dáyámọ́ǹdì ti tán lọ́wọ́ yín. Jáàkì, 10 àti 9 wà nílẹ̀ bí ẹrù tó wà ní Kánò tí ẹni tó ni ín wà ní Ìbàdàn. Ọba Háàtì ni owó ọkọ̀, wọ́n sì ti ná an! Méje péré ni wọn ó kó.

Bó ṣe yẹ rèé. Ẹ fi Éèsì kó Sípéédì. Kíá, ẹ bẹ̀rẹ̀ Dáyámọ́ǹdì láti ọwọ́ yín, ẹ máa tì í títí Éèsì yóò fi jáde. Ohunkóhun tí alátakò bá dá padà, ọwọ́ yín ni kẹ́ ẹ ti kó o: Sípéédì, Ọba rẹ̀ wà, Kílọ́ọ̀bù, Éèsì rẹ̀ wà. Bó bá dá Háàtì padà láti gba owó ọkọ̀ yín (àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀), ẹ ju kékeré nílẹ̀, kí ẹ fi Éèsì kó o lọ́wọ́. Lẹ́yìn èyí ni kẹ́ ẹ wá ju Háàtì kékeré sí Ọba, kí ẹ dé ìdí ẹrù yín, kí ẹ kó Dáyámọ́ǹdì tó kù.

Mẹ́rin ni Dáyámọ́ǹdì yóò jẹ́, gbogbo rẹ̀ á di mẹ́wàá. Nínú ìdíje, nígbà tí ìtanràn kò tíì ga fún ẹgbẹ́ yín, máàkì 430 nìyẹn. Ẹni tó kó méje pẹ̀lú káàdì kan náà, alátakò ló gba 100 lọ́wọ́ rẹ̀.