Ta Ni Ó Ni Ẹjọ́ Náà?

Bí ajẹ́ńtì kan bá dé Ute, tí ó ní òun yóò gba owó láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fún ọ̀dọ́ tí Amẹ́ríkà kọ ìwé iṣẹ́ rẹ̀, kí baba ọmọ náà tó fi oko kòkó dógò, kí ó kọ́kọ́ bi í léèrè: ta ni ó ni ẹjọ́ náà?

Kì í ṣe ọmọ Ute. Òfin Amẹ́ríkà gbà kí agbanisíṣẹ́ tọrọ òṣìṣẹ́ láti òkèèrè, àní fún iṣẹ́ tí kò gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ ọdún méjì, bí ilé gbígbá tàbí iṣẹ́ ní ilé tí wọ́n ti ń pa adìẹ. Ṣùgbọ́n agbanisíṣẹ́ ni yóò kọ́kọ́ fi hàn pé òun wá ọmọ ìlú wọn, òun kò rí. Òun náà ni yóò fi ìwé ẹ̀bẹ̀ I-140 ránṣẹ́. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, òun kan náà ni ó ní ọjọ́ 30, tàbí 33 bí ìdáhùn bá gba ilé ìfìwéránṣẹ́ dé, láti pe ẹjọ́. Ẹni tí ó jókòó sí Ute kò ní ohùn níbẹ̀.

Ohun tí ó sì ń ba ọ̀pọ̀ ẹ̀bẹ̀ jẹ́ kì í ṣe àbùkù ọmọ wa. Owó ni. Agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ìwé owó orí tàbí ìṣirò owó rẹ̀ hàn pé òun lè san owó iṣẹ́ tí òun ṣèlérí, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí òṣìṣẹ́ yóò fi gba ìwé ìgbélùú. Àdúrà wo ni a óò gbà sí ìwé owó orí ẹni tí a kò rí rí?

Àyè 10,000 ni ó pọ̀ jù lọ́dún fún irú òṣìṣẹ́ yìí láti gbogbo ayé, tìyàwó tọmọ. Ìkéde Ààrẹ Trump ti oṣù December 2025 sì tún dí ọ̀nà ìwé ìgbélùú mọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà láti 1 January 2026. Ẹjọ́ I-140 kò lè ṣí ìyẹn. A ń sọ ọ́ fún àwọn aṣojú tí a dìbò fún pẹ̀lú: àìríṣẹ́ nílé ni ó ń lé ọmọ lọ gbálẹ̀ ní òkèèrè.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni àwọn òbí ń gbé lẹ́tà tọ̀ wá. Ẹ wo orúkọ ẹni tí ó bẹ̀bẹ̀, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ̀wé, kí ẹ sì ka ìdí tí wọ́n fi kọ̀ sí baba náà létí ní Yorùbá, kí ó tó buwọ́ lu ìwé oko.