Bí Èèyàn Ṣe Ń Dúró Lórí Pátákó Pẹja, Tó sì Ń Mú Akàn

Òṣòdì kò ní etíkun, Ìsọlọ̀ náà kò ní. Ṣùgbọ́n òjò tó ń rọ̀ sórí òrùlé wa, gọ́tà ló ń gbà bọ́ sínú kánáàlì, á sì bá kánáàlì lọ títí yóò fi dé ọ̀sà. Ọ̀sà Èkó fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 208 níbùú lóròó. Ibi pàtàkì tó ti ń pàdé òkun ni Commodore Channel, lẹ́bàá Tarkwa Bay. Ẹni tó bá fẹ́ mú akàn ní Èkó, ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà yìí ló yẹ kó kọ́kọ́ yé e, nítorí ibẹ̀ ni omi oníyọ̀ ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ló sì ń gbà jáde.

Paddleboard ni wọ́n ń pe pátákó tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ó gùn, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, èèyàn á dúró lé e, á sì máa fi àjẹ̀ wà á. Láti nǹkan bí ọdún 2000 síwájú ló ti kúrò ní Hawaii di eré ìdárayá káàkiri ayé. Dídúró wakọ̀ kì í ṣe tuntun létí ọ̀sà wa ṣá. Ní Màkókó, àwọn apẹja Ẹ̀gùn ń dúró ṣánṣán nínú ọkọ̀, wọ́n ń fi ọ̀pá gígùn ti ìsàlẹ̀ omi kí ọkọ̀ lè máa lọ. Ọ̀pá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nítorí pé ọ̀sà kò jìn ní ọ̀pọ̀ ibi. Ohun kan náà ló mú kí pátákó bá a mu: kò nílò omi púpọ̀ lábẹ́, kò ní ẹ́ńjìnnì tó ń pariwo, ẹni tó sì dúró máa ń rí inú omi ju ẹni tó jókòó lọ bí omi bá mọ́. Àmọ́ pátákó kì í mú akàn. Omi ló ń kó akàn wá. Pátákó kàn ń gbé èèyàn débi tí omi kó o dé ni.

Pátákó náà àti ìdúró lórí rẹ̀

Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan le gbagidi. Ìkejì jẹ́ rọ́bà tí wọ́n ń fi pọ́ǹpù fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nínú. Ẹni tó ń gbé yàrá méjì ní Ìsọlọ̀, tó sì máa wọ bọ́ọ̀sì ní Òṣòdì kó tó rí omi, onírọ́bà ló máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn, torí ó ṣeé ká sínú báàgì kéèyàn gbé kọ́ ẹ̀yìn. Púpọ̀ nínú wọn ń gba afẹ́fẹ́ tó ìwọ̀n 12 sí 15 PSI. Bí afẹ́fẹ́ kò bá tó, àárín rẹ̀ á tẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, á sì máa wọ́ nínú omi.

Fún ẹja pípa, fífẹ̀ ṣe pàtàkì ju gígùn lọ. Pátákó tí wọ́n fi ń sáré máa ń tẹ́ẹ́rẹ́. Ti apẹja fẹ̀ tó íǹṣì 32 sí 36, ó sì gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12. Ó ní lẹbẹ lábẹ́ ìdí tí kì í jẹ́ kó máa yí kiri. Lẹbẹ yìí ló ń há mọ́ ẹrẹ̀ bí omi kò bá jìn, tí pátákó á dúró lójijì, tí èèyàn á sì fò síwájú. Ìdí nìyẹn tí lẹbẹ kúkúrú fi dára fún etí ọ̀sà. Kí àjẹ̀ sì fi íǹṣì 6 sí 10 ga ju ẹni tó ń lò ó lọ.

Ẹ kọ́kọ́ kúnlẹ̀ sáàárín pátákó, níbi tí ọwọ́ tí wọ́n fi ń gbé e wà. Ẹ wà á síwájú díẹ̀ kẹ́ ẹ tó dìde, nítorí èyí tó ń lọ máa ń dúró déédéé ju èyí tó wà lójú kan lọ. Ẹsẹ̀ méjèèjì á yà tó fífẹ̀ èjìká, orúnkún á tẹ̀ díẹ̀, ojú á wo iwájú. Nígbà tó bá yá láti fa akàn sókè, ẹ tún padà kúnlẹ̀. Ìwúwo tó bá rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ló ń dojú pátákó dé, ẹni tó bá sì sún mọ́ omi kì í tètè ṣubú.

Ìdákọ̀ró kìlò kan àbọ̀ tó fún un. Kí okùn rẹ̀ gùn tó ìlọ́po mẹ́ta jíjìn omi, kí irin lè dùbúlẹ̀, kó sì gbá ẹrẹ̀ mú. Imú pátákó tàbí ìdí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ so ó mọ́. Ẹ má so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ láé: omi tó ń ṣàn á bá pátákó níbùú, okùn á dì í mú, omi á gùn ún, á sì yí i dànù. Níbi tí ẹrẹ̀ bá ti rọ̀, ọ̀pá ọparun tilẹ̀ dára ju irin lọ. Ẹ gún un mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ so okùn mọ́ ọn.

Omi tó ń kó akàn wá

Akàn ọ̀sà yàtọ̀ sí akàn ilẹ̀ tó ń gbẹ́ ihò sétí irà. Callinectes amnicola ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Ẹ̀gún mímú wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì, ẹsẹ̀ méjì tó kẹ́yìn sì tẹ́ pẹlẹbẹ bí àjẹ̀. Ó lè rìn nílẹ̀, ó lè lúwẹ̀ẹ́, nítorí náà kì í jókòó sójú kan. Ibi tí oúnjẹ bá wà ló ń bá omi lọ.

Lójúmọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni omi òkun ń kún wọlé, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ń fà jáde. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ló wà láàárín kíkún àti fífà. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, gbogbo rẹ̀ á fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ ju ti àná lọ, torí òṣùpá ló ń darí rẹ̀. Ó máa ń le jù nígbà tí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àti nígbà tó bá di àrànmọ́jú. Lẹ́nu òkun Èkó, ìyàtọ̀ láàárín kíkún àti fífà kò ju nǹkan bíi mítà kan lọ, ó sì ń dín kù bí omi ṣe ń wọnú ọ̀sà. Àmọ́ ìwọ̀nba yẹn tó láti bo ẹrẹ̀ etí omi. Bí omi bá ṣe ń gun ẹrẹ̀ ni akàn ń tẹ̀ lé e wá, tó ń wá edé, ìgbín omi àti òkú ẹja. Wákàtí méjì tó gbẹ̀yìn kíkún omi, títí dìgbà tí omi á dúró díẹ̀ kó tó yí padà, ló dára jù láti dẹ ẹ́.

Ọdún náà ní tirẹ̀. Lásìkò òjò, odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn ń ya wọnú ọ̀sà, wọ́n ń lé iyọ̀ padà sẹ́yìn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá wọlé, iyọ̀ á tún padà. Ìwọ̀n iyọ̀ yìí ni akàn ń bá rìn, pàápàá abo, tó ń lọ síbi tí iyọ̀ ti pọ̀ láti pa ẹyin rẹ̀. Ẹ lè fojú mọ̀ ọ́n láìtọ́ omi wò. Ewéko tó ń léfòó, tó ń yọ òdòdó aláwọ̀ àlùkò, tí wọ́n ń pè ní water hyacinth, tó wọlé wá láti apá Àgbádárìgì ní nǹkan bí ọdún 1984, kò lè fara da iyọ̀. Níbi tí ewé rẹ̀ bá ti tutù yọ̀yọ̀, omi ibẹ̀ kò níyọ̀ tó, pátákó kò sì ní ráyè kọjá.

Dídẹ akàn

Akàn kò nílò ìwọ̀. Òrùka irin tí wọ́n so àwọ̀n mọ́ ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ di orí ẹja tàbí ṣàwá mọ́ àárín rẹ̀, ẹ jù ú sómi kó tẹ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì so ike omi tó ṣófo mọ́ òkè okùn kó máa léfòó. Òórùn ìjẹ á bá omi ṣàn, akàn á sì tọ òórùn náà wá. Ìdí nìyẹn tí ẹja ọlọ́ràá fi ń ṣiṣẹ́ ju gbígbẹ lọ. Ẹ dẹ mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí wọ́n jìnnà síra. Tẹ́ ẹ bá fún wọn ní ìṣẹ́jú 10 sí 15, ẹ padà sí ti àkọ́kọ́.

Ẹ dojú kọ omi tó ń ṣàn bẹ́ ẹ bá ń lọ bá ike náà, kí omi fúnra rẹ̀ lè dá yín dúró níbẹ̀. Ẹ rọra fa okùn títí yóò fi le, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fà á sókè kíákíá láìdúró. Etí òrùka á gbéra, àwọ̀n á di àpò. Ẹni tó bá dúró lágbedeméjì ti ṣílẹ̀kùn fún akàn nìyẹn. Ẹni tí kò ní òrùka lè so ìjẹ mọ́ okùn lásán. Akàn kì í fẹ́ fi oúnjẹ sílẹ̀, nítorí náà ẹ rọra fà á wá sókè, kẹ́ ẹ ti àwọ̀n ọlọ́wọ́ bọ abẹ́ rẹ̀ kó tó rójú ọ̀run.

Ẹ̀yìn ni ká ti mú akàn, láàárín ẹsẹ̀ méjì tó kẹ́yìn, níbi tí èékánná rẹ̀ kò lè dé. Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní ọmọrí ni kó wà, pẹ̀lú àpò tútù lórí rẹ̀. Ẹ má rọ omi kún inú rẹ̀: bí ara akàn bá ṣáà ti tutù, ó lè mí, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ inú omi tí kò ṣàn kì í pẹ́ tán. Ẹ yí akàn náà kí abẹ́ rẹ̀ kọjú sókè. Bí ìbòrí abẹ́ rẹ̀ bá tẹ́ẹ́rẹ́, akọ ni. Bó bá fẹ̀, abo ni. Abo tó ru ẹyin sábẹ́, ẹ dá a padà, òun ni akàn ọdún tó ń bọ̀.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹja, obokún àti ẹ̀pìyà máa ń jẹ ìwọ̀. Imú pátákó ni kí ọ̀pá ìwọ̀ dojú kọ. Ẹja ńlá á fa pátákó tẹ̀ lé e, á sì tètè rẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀gún lẹbẹ obokún, ó lè lu rọ́bà. Bẹ́ ẹ bá sì rí igi àti ẹ̀ka tí wọ́n gún ní agbo sínú omi, ẹ yà fún un. Àkájà ni, ilé tí wọ́n kọ́ fún ẹja, ó sì ní ẹni tó ni ín. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kí àwọn apẹja etí omi, tó béèrè ibi tó lè dẹ, á gbọ́ ohun tí kò sí nínú àlàyé yìí.

Ibi tí a lè lọ, àti ewu rẹ̀

Àtàárọ̀ ni ká lọ, nítorí afẹ́fẹ́ láti òkun máa ń le lọ́sàn-án. Ẹ kọjú sí afẹ́fẹ́ nígbà àlọ, kó lè máa tì yín bọ̀ nígbà tó bá ti rẹ̀ yín. Ẹ wọ ẹ̀wù amúniléfòó. Okùn tó so yín mọ́ pátákó ṣe pàtàkì, torí afẹ́fẹ́ lè gbé pátákó sá kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ṣubú, ṣùgbọ́n níbi tí omi bá ti ń ṣàn, ìbàdí ni kó wà, kó sì jẹ́ èyí tó ṣeé já kíá. LASWA, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ lọ́dún 2008, ló ń mójú tó ìrìnnà ojú omi. Ẹ béèrè òfin lọ́wọ́ wọn.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ Commodore Channel. Bí omi bá ń fà, òkun ló ń gbé èèyàn lọ, ibẹ̀ sì ni ọkọ̀ ńlá tó ń lọ sí èbúté Àpápá àti Tin Can ń gbà. Láti Òṣòdì, èèyàn lè gba Mile 2 lọ sí Àgbádárìgì, tàbí kó lọ sí Ìkòròdú. Ẹ̀pẹ́ dára fún ẹja, ṣùgbọ́n omi ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má níyọ̀ rárá.

Kánáàlì àdúgbò wa kò sí lára ibi tí a lè lọ. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, nígbà tí bọ́ǹbù ń dún ní bárékè Ìkẹjà, ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń sá lọ bọ́ sínú kánáàlì Òkè-Àfà ní Ìsọlọ̀. Ewéko ti bo ojú omi, òkùnkùn sì ti ṣú. Èèyàn tó lé ní 1,000 ló kú nínú àjálù náà, ọ̀pọ̀ wọn ló sì rì síbẹ̀. Ewé tútù lójú omi kì í ṣe ilẹ̀. Ẹni tó wà lórí pátákó kò gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lé e, bó ti wù kó nípọn tó.

Kánáàlì kò sì dára fún oúnjẹ pẹ̀lú. Akàn kì í ṣa oúnjẹ: òkú ẹran, ìdọ̀tí, ohun tí ilé iṣẹ́ dà sómi, gbogbo rẹ̀ ló ń wọnú ara rẹ̀. Akàn tí ẹ mú jìnnà sí ẹnu kánáàlì ni kẹ́ ẹ gbé wálé. Ẹ fọ ẹrẹ̀ ara rẹ̀ dànù, ẹ sè é nínú omi tó ń hó títí èèpo rẹ̀ á fi pọ́n tí ẹran inú rẹ̀ á sì funfun, kẹ́ ẹ tó dà á sínú ọbẹ̀.