Ìṣúra Inú Ìdàrọ́

Ìdàrọ́ ni pàǹtí dúdú tí ó máa ń kù nínú ìléru lẹ́yìn tí a bá ti yọ́ òkúta tí irin wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe àjèjì sí ọmọ Ìsundúnrin ní agbègbè Ẹjìgbò, nítorí àwọn baba ńlá wa ti ń yọ́ irin kí irin òyìnbó tó gba ọjà. Wọn a máa kó ìdàrọ́ tiwọn dànù. Ṣùgbọ́n ìdàrọ́ tánńganran tí ó wà ní Jọ́ọ̀sì kì í ṣe ohun tí à ń kó dànù.

Kuza ni àwọn Hausa ń pe òkúta tánńganran. Ibẹ̀ ni àwa náà ti rí “kùsà” tí a ń wà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni ilé iṣẹ́ Makeri ti ń yọ́ ọ ní Jọ́ọ̀sì. Iná tí ó yọ tánńganran jáde kò ran irin méjì kan, tantalum àti niobium. Inú pàǹtí ni wọ́n ń bá lọ. Bẹ́ẹ̀, tantalum wà nínú fóònù àti kọ̀ǹpútà. Ìwọ̀nba niobium díẹ̀ sì ni a ń fi sí irin páìpù epo kí ó lè le koko.

Báwo ni a ṣe ń gbà wọ́n padà? Bí o bá ti dúró ti aláró rí, kò ní í ṣòro fún ọ. Aláró a di eérú sínú ìkòkò tí a lu nídìí, a da omi lé e. Omi a fa agbára eérú jáde, a sì máa kán sísàlẹ̀. Ásíìdì ni a fi ń ṣe ti ìdàrọ́. A ó kọ́kọ́ lọ̀ ọ́ kúnná, a ó sì fi ásíìdì rẹ ẹ́ kí calcium àti irin lásán lè bá omi lọ. Kíyè sí i pé níhìn-ín, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni a ń fẹ́, kì í ṣe omi. Lẹ́yìn náà ni a ó fi ásíìdì mìíràn, hydrofluoric, èyí tí ń jẹ gíláàsì, yọ́ irin méjèèjì papọ̀. A ó po omi yìí mọ́ kẹ́míkà kan tí ń léfòó lórí omi bí epo. Irin méjèèjì yóò wọ inú rẹ̀. Ásíìdì tí a là ni a fi ń gba niobium kúrò níbẹ̀, omi ni a sì fi ń gba tantalum.

Ewu rẹ̀ kò kéré. Ásíìdì hydrofluoric a máa gba ara wọlé dé eegun. Thorium àti uranium tún wà nínú ìdàrọ́ Jọ́ọ̀sì, ìtànṣán wọn ń ṣeni ní jàǹbá, ásíìdì kò sì lè pa á. Inú pàǹtí ìkẹyìn ni ó ń kù sí. Ní Muskogee, ní ìpínlẹ̀ Oklahoma ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Fansteel fi irú ọ̀nà yìí yọ tantalum títí di 1989, kòtò pàǹtí olóró ni wọ́n sì fi sílẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà wọko gbèsè ní 2002, owó tí yóò fi tún ilẹ̀ yẹn ṣe wà lára ohun tí ó dì í lọ́rùn.