Bí A Ti Ń Bó Ọ̀dà Kúrò Lára Àgbá Irin Kí A Tó Fi Í Ṣe Ààrò Onígi

Kò sí ìletò kan ní ilẹ̀ wa tí a kò ti lè rí àgbá irin tí a fi ń kó epo. Ọdún 1905 ni Henry Wehrhahn gba ìwé àṣẹ lórí irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, láti ibẹ̀ ni ó sì ti tàn ká ayé. Ó ń gba nǹkan bí 200 lítà, irin ara rẹ̀ kò sì nípọn ju mìlímítà kan àti díẹ̀ lọ. Ní àwọn ilẹ̀ olótùútù, àwọn ènìyàn a máa sọ ọ́ di ààrò tí ń mú ilé móoru. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, àwọn ẹlẹ́ja ń fi í yan ẹja, àwọn tí ń dín gàrí sì ń gbé agbada lé e lórí. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí, èyí nì ni ọ̀dà tí a fi kun àgbá náà.

Kí ni ọ̀dà lè ṣe? Nínú àwọn èròjà tí a ti fi ń fún ọ̀dà ní àwọ̀, pàápàá àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ìyeyè, òjé wà. Iná kì í sun òjé di asán: ó ń bá èéfín lọ, ó ń di ekuru, ó sì ń bọ́ sórí ẹja, sínú gàrí, àti sórí ilẹ̀ tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ní ọdún 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, ekuru òjé tí ó ti inú òkúta wúrà jáde pa ọmọdé tí ó tó 400 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú lásán kò lè mọ ọ̀dà tí ó ní òjé nínú yàtọ̀ sí èyí tí kò ní. Nítorí náà ó tọ́ kí a ṣọ́ra fún gbogbo rẹ̀ bákan náà.

Èkíní, kí a mọ àgbá tí a ó mú. Èyí tí a ti fi kó oògùn kòkòrò, irú èyí tí a ń fún sí igi kòkó, kò yẹ fún ààrò oúnjẹ láéláé, bí ó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni èyí tí a fi síǹkì bò, tí ara rẹ̀ ń dán bí páánù titun. Síǹkì ń yọ́ nígbà tí ooru bá tó nǹkan bí 420 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ̀sì. Bí iná bá sì le jù bẹ́ẹ̀ lọ, èéfín funfun rẹ̀ a máa mú ara ènìyàn gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe.

Èkejì, kí a pa òórùn epo inú rẹ̀. Àgbá bẹntiróòlù tí ó ṣófo léwu ju èyí tí ó kún lọ, nítorí kì í ṣe epo náà gan-an ni ń gbaná bí kò ṣe òórùn rẹ̀ tí ó dàpọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́. Bí ó bá ti wà láàárín 1.4 àti 7.6 nínú 100 afẹ́fẹ́, ẹ̀ta iná kékeré tó láti mú kí àgbá bú gbàmù. Òórùn náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó ń ba sí ìsàlẹ̀. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ jẹ́ kí a fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí a tún bu omi kún un títí yóò fi kù díẹ̀ kí ó dé ìdérí, kí a tó gé e. Òòlù àti irin mímú ni kí a fi gé e, kì í ṣe iná àwọn tí ń jó irin.

Ẹ̀kẹta ni bíbó ọ̀dà náà. Àwọn ìyá wa tí ń se ọṣẹ dúdú ti mọ agbára omi eérú tipẹ́. Wọn a sun èèpo kòkó tàbí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, wọn a sẹ́ omi láti inú eérú náà, wọn a sì sè é títí yóò fi le. Omi yìí tí ń sọ àdín di ọṣẹ ni ó lè sọ epo inú ọ̀dà di ọṣẹ pẹ̀lú; ìdí nìyí tí ọ̀dà fi ń wú, tí ó sì ń ṣí kúrò lára irin. Kí a rẹ àpò ògbólógbòó sínú omi eérú, kí a fi bo àgbá náà mọ́jú. Ọ̀dà tí a fi ooru yan mọ́ irin ní ilé iṣẹ́ lè ṣe agídí; sódà ọlọ́ṣẹ ni a ó fi kún omi fún irú èyí. Inú omi ni kí a máa da sódà sí, kí a má ṣe da omi sórí sódà, kí ó má baà ta sí wa lójú. Ìkòkò amọ̀ tàbí ti irin ni kí a lò, nítorí sódà ń jẹ alumíníọ́mù. Kí a wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí a sì dáàbò bo ojú.

Lẹ́yìn náà, kí a họ ọ́ nígbà tí ó ṣì tutù, kí ekuru má baà gbéra. Kí a má gbàgbé inú rẹ̀, nítorí a máa ń kun inú àwọn àgbá mìíràn pẹ̀lú. Ohun tí a bá họ kúrò àti omi tí a fi ṣàn án, inú kòtò tí ó jìnnà sí kànga ni kí a bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni iná. Èyí tí ọ̀pọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀ ni àwa fi í sẹ́yìn, kí ó lè jẹ́ pé ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó ṣẹ́kù ni yóò sun. Kí a dá iná gbígbóná nínú àgbá náà ní gbangba, níbi tí ó jìnnà sí ilé, kí a dúró síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, kí ọmọdé má sì sí nítòsí. A kò gbọdọ̀ se oúnjẹ kankan lórí iná yìí.

Irin tí kò ní ọ̀dà lára kì í pẹ́ dógùn-ún ní ìgbà òjò. Bí ó bá tutù, kí a fi àdín pa ìta rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, kí a tún koná sí i títí yóò fi dúdú. Inú rẹ̀ ni kí a fi amọ̀ rẹ́, nítorí irin tí kò nípọn bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ lu nínú iná.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, nígbà tí a bá lọ sí ìletò, àwọn òbí ọmọ ilé ìwé yóò máa wo ohun tí olùkọ́ ń ṣe, wọn yóò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Bíbó ọ̀dà lè gba ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ tí òjé bá ti bà jẹ́, a kò lè tún un ṣe mọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.