Ohùn Ìyá Nínú Fóònù Àtijọ́: Bí A Ti Ń Gbé FFmpeg Wọlé, àti Bí A Ti Ń Yọ Ọ́

Ẹ̀yin tí ohùn òbí yín tó ti lọ ṣì wà nínú fóònù àtijọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Nínú irú fóònù bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ti ń ki àwọn ọmọ mi ní oríkì. Nígbà tí a gbé e sínú kọ̀ǹpútà, kò fọhùn. Orúkọ fáìlì náà parí sí 3gp, irú èyí tí fóònù ìgbà náà fi ń gba ohùn sílẹ̀.

FFmpeg ni ó bá wa tú u. Ará ilẹ̀ Faransé kan, Fabrice Bellard, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2000, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ wò ó bí ògbufọ̀ tí ó gbọ́ èdè ohùn àti fídíò púpọ̀. Lára àwọn irinṣẹ́ inú rẹ̀ ni libavcodec, èyí tí àwọn ètò mìíràn, bíi VLC tí púpọ̀ nínú yín fi ń wo fídíò, a máa yá lò. Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ yíyá yìí o.

Bí kọ̀ǹpútà yín bá ń lo Ubuntu, ẹ ṣí fèrèsé tí à ń pè ní Terminal. Kò sí àwòrán tí ẹ ó tẹ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ni ẹ ó kọ. Ẹ kọ́kọ́ kọ sudo apt update, kí ó lè mọ ohun tí ó wà lórí àtẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ sudo apt install ffmpeg. Yóò bèèrè ọ̀rọ̀ aṣínà yín. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, bí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́, ẹ kò ní rí nǹkan kan. Ẹ má bẹ̀rù, ó ń wọlé. Bí ó bá bèèrè bóyá kí òun máa bá a lọ, ẹ tẹ Y.

Mo kọ ffmpeg -i iya.3gp iya.mp3. Kò pẹ́ rárá, ohùn màmá jáde. Ìyàwó mi fi ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí iná, ó sáré wọlé.

Yíyọ ọ́ ńkọ́? sudo apt remove ffmpeg ni yóò yọ ọ́, sudo apt autoremove yóò sì gbá àwọn irinṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́ dànù. Kò sí èyí tí yóò fọwọ́ kan ohùn tàbí fídíò yín.

Ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí ó ń wá àyè sínú kọ̀ǹpútà, kọ sudo apt remove libavcodec58. (Nọ́ńbà ìdí rẹ̀ a máa yàtọ̀ láti Ubuntu kan sí òmíràn.) Kọ̀ǹpútà to orúkọ gbogbo ohun tí yóò bá a lọ, VLC wà níbẹ̀. Kò kà á, ó tẹ Y. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, àwọn obìnrin ilé pé jọ láti wo fídíò ìsọmọlórúkọ, kò sí ohun tí a fi lè ṣí i, dátà sì ti tán. Ó di òwúrọ̀ kí sudo apt install vlc ffmpeg tó dá gbogbo rẹ̀ padà.

Láti ọjọ́ náà, sudo apt -s remove ffmpeg ni mo kọ́kọ́ máa ń kọ. -s yẹn yóò fi ohun tí yóò lọ hàn yín, kò sì ní yọ nǹkan kan. Èmi kò sì pa 3gp àkọ́kọ́ rẹ́, nítorí mp3 a máa gé díẹ̀ kúrò lára ohùn. Ó wà nínú fóònù náà síbẹ̀, mo sì gbé ẹ̀dà kan sínú fáìlì ìyàwó mi.